Ilé Stauf Lẹ́ẹ̀kejì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Géèmù The 11th Hour

Ẹni tó bá ti gbọ́ pé mo parí géèmù yìí láì yọjú wo ìdáhùn níbì kankan (irọ́ ni, mo yọjú lẹ́ẹ̀mẹta) máa ń ní ìbéèrè lẹ́nu. Mo kó èyí tí wọ́n ń bi mí jù lọ jọ síbí. Níbi tí mo bá ti fẹ́ tú àṣírí ìtàn, màá kọ́kọ́ kìlọ̀.

Kí ni The 11th Hour gan-an?

Géèmù kọ̀ǹpútà ni, ó jáde ní 1995. Ilé iṣẹ́ Trilobyte, tó wà ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, ló ṣe é. Virgin ló gbé e jáde sọ́jà. Apá kejì The 7th Guest ni, èyí tó jáde ní 1993 tó sì tà ju mílíọ̀nù 2 ẹ̀dà lọ. Ẹ ó bá ara yín nínú ilé ahoro ńlá kan lóru. Ẹ ó máa lọ láti yàrá dé yàrá, ẹ ó máa tú àdììtú, bí ẹ bá sì ṣe ń tú u ni fídíò ìtàn náà á máa ṣí fún yín díẹ̀díẹ̀. Kò sí ìbọn níbẹ̀, kò sí ẹ̀dá abàmì tó ń sáré lé yín. Baálé ilé nìkan ló wà ńbẹ̀. Ẹ kì í sábà rí i, àmọ́ ó ń rí yín, ó sì ń fi yín rẹ́rìn-ín bí ẹ bá ti ṣi ọwọ́ gbé.

Ṣé dandan ni kí n ti ṣe The 7th Guest kí n tó dé orí èyí?

Kì í ṣe dandan, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ Henry Stauf á dà bí ẹni tó dé ilé òkú tí kò mọ ẹni tó kú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ṣókí.

Alárìnkiri tí kò nílé tí kò lọ́nà ni Stauf. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó pa obìnrin kan nítorí àpamọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló lá àlá: ó rí ọmọláńgidi kan tó lẹ́wà púpọ̀. Nígbà tó jí, ó wá igi, ó sì gbẹ́ ẹ gẹ́gẹ́ bó ṣe rí i lójú àlá. Onílé ọtí kan tó ní ọmọbìnrin kékeré gba ọmọláńgidi náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún un lóúnjẹ àti ibi tó máa sùn sí. Stauf tún lá àlá, ó tún gbẹ́ òmíràn. Kò pẹ́ kò jìnnà, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù ohun ìṣeré ti ara rẹ̀, owó ń wọlé bí omi. Àfi bí àìsàn kan tí dókítà ò rí ìdí rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ọmọdé, àwọn tó ní ọmọláńgidi Stauf lọ́wọ́ sì ni. Bàbá ọlọ́mọláńgidi kọ́ ilé ńlá kan sórí òkè, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn yìí ní ilẹ̀ wa ò ní béèrè àlàyé rárá. Oògùn owó ni. Ọmọ ọlọ́mọ ló fi ń san gbèsè ohun tó gbà. Àwọn òyìnbó náà ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ Jámánì nípa Faust, ọkùnrin tó ta ẹ̀mí rẹ̀ fún Èṣù bíi ti inú Bíbélì. Ẹ kọ orúkọ náà sílẹ̀: S-T-A-U-F. Ẹ to lẹ́tà rẹ̀ padà kí ẹ wo ohun tó jáde. Ó pẹ́ gan-an tí mo ti ń ṣe géèmù yìí kí ojú mi tó rí i, inú sì bí mi. Ẹ fi ọgbọ́n yẹn sápò, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo apá kejì dúró lé.

Stauf wá pe àlejò mẹ́fà sí ilé náà: Martine Burden, Edward Knox àti Elinor ìyàwó rẹ̀, Julia Heine, Brian Dutton, àti Hamilton Temple tó ń ṣe idán. Ó ní ẹni tó bá tú àdììtú òun, òun á fún un ní ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́. Mẹ́fà ló pè, àmọ́ àlejò keje ni orúkọ géèmù náà. Ta wá ni ìkeje? N ò ní sọ fún ẹni tí kò tíì dé ibẹ̀. Ohun tí apá kejì fẹ́ kí ẹ mọ̀ kò ju èyí lọ: Stauf ti kú, ilé rẹ̀ ò kú.

Ìtàn ti apá kejì wá ńkọ́?

Bí ọgọ́ta ọdún ti kọjá. Ilé náà ṣì wà lórí òkè ní Harley-on-the-Hudson, ìlú kékeré kan tí àwọn òǹkọ̀tàn fi sí ìpínlẹ̀ New York. Wọ́n ń pa èèyàn ní ìlú náà, àwọn míì sì ń dàwátì. Robin Morales, tó jẹ́ olóòtú ètò orí tẹlifíṣọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní Case Unsolved, lọ ṣèwádìí ọ̀rọ̀ náà, kò padà wá. Carl Denning ni akọ̀ròyìn tó ń gbé ètò náà sáfẹ́fẹ́, òun àti Robin sì ń fẹ́ra. Ó jókòó sílé ni ẹnì kan fi ẹrù kan ránṣẹ́ sí i. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kékeré kan ló wà nínú ẹrù náà, wọ́n ń pè é ní GameBook. Ó ṣí i, ó sì rí Robin nínú rẹ̀ tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kó wá gba òun.

Ọmọ tí wọ́n bá tọ́ nílé wa á kọ́kọ́ gbé nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ fún àgbà ilé, wọn á bi ẹni tó mọ̀. Carl ò bi ẹnikẹ́ni. Ó kọrí sí ilé Stauf lóru ọjọ́ yẹn. Ẹ̀yin ni Carl.

Matthew Costello, òǹkọ̀wé ìtàn ìbẹ̀rù ọmọ Amẹ́ríkà, ló kọ ìtàn apá méjèèjì. Robert Hirschboeck ló ṣe Stauf nínú méjèèjì. Tí ẹ bá gbọ́ bó ṣe ń fa ọ̀rọ̀ láàárín eyín, ẹ ó mọ̀ pé òṣèré tó ti jẹun orí ìtàgé ni.

Kí ló dé tí wọ́n pè é ní "Wákàtí Kọkànlá"?

Aago ló ń pín ìtàn náà sí abala, wákàtí kan tẹ̀ lé òmíràn. Àmọ́ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá ṣe nǹkan ní "wákàtí kọkànlá" ti ṣe é nígbà tí ó ku díẹ̀ kó bọ́. Inú Bíbélì ni wọ́n ti mú un, àwa náà sì mọ̀ ọ́n dáadáa: àwọn alágbàṣe inú ọgbà àjàrà nínú Mátíù orí 20, àwọn tó dé ní wákàtí kọkànlá ọjọ́ tí wọ́n sì gba owó kan náà pẹ̀lú àwọn tó ti ń bá oòrùn jà láti àárọ̀. Stauf kì í sanwó bẹ́ẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Mo wọlé, mo kàn ń rìn kiri ni.

GameBook ni kí ẹ ṣí. Inú rẹ̀ ni àlọ́ máa ń wà, gbólóhùn kan ṣoṣo. Ìdáhùn àlọ́ yẹn jẹ́ nǹkan kan tó wà nínú ilé náà: ìkòkò, ère, ìwé, ohun èlò ilé ìdáná. Ẹ ó tú àlọ́ náà, ẹ ó mọ orúkọ nǹkan ọ̀hún, ẹ ó wá a lọ sí yàrá tó wà, ẹ ó sì tẹ̀ ẹ́. Tó bá tọ̀nà, GameBook á fi ègé fídíò kan hàn yín nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Robin. Tí kò bá tọ̀nà, Stauf á bú yín.

Àwọn yàrá míì wà ní títì. Ohun tó ń ṣí wọn ni àdììtú tó wà nínú àwọn yàrá tó ti ṣí sílẹ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ méjì lẹ ń ṣe pọ̀: àdììtú ń ṣí ilé, àlọ́ ń ṣí ìtàn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó sọ pé géèmù náà "ò lọ mọ́" ti tú àdììtú gbogbo tán, wọ́n gbàgbé pé àlọ́ kan ń dúró dè wọ́n nínú GameBook.

Ẹ má retí pé ẹ lè rìn bó ṣe wù yín. Wọ́n ti ya gbogbo ìrìn sílẹ̀ bíi fíìmù. Ẹ tẹ ẹnu ọ̀nà, kámẹ́rà á gbé yín lọ fúnra rẹ̀. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀. Ẹ fara dà á.

Àlọ́ inú GameBook ń kó mi láàyà jẹ. Báwo ni wọ́n ṣe ń tú u?

Ibí yìí ni màá ti pẹ́ jù, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti fi géèmù yìí sílẹ̀.

Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bá pa àlọ́ fún, àwòrán ló ń wá. "Òkun ń hó yeye, ọ̀sà ń hó yeye, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́." Ẹ ti rí omi tó ń hó, ẹ ti rí ohun tó ki orí bọ inú rẹ̀, ẹ dáhùn pé omorogùn. Ojú inú ló ṣiṣẹ́. Tí ẹ bá gbé ojú inú yẹn dé ilé Stauf, ẹ ó sùn síta. Àlọ́ tirẹ̀ kò ní àwòrán nínú. Irọ́ ni àwòrán tó bá gbé kalẹ̀. Lẹ́tà ló fi ń ṣeré. Irú rẹ̀ ló wà nínú crossword àwọn ìwé ìròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí gbólóhùn rẹ̀ dà bí ọ̀rọ̀ gidi létí ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé àṣẹ ni: da èyí rú, gé orí ìyẹn, fi èyí sínú ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tí mo dá fúnra mi ṣàpẹẹrẹ, kí n má baà tú tiwọn fún yín. Ká ní GameBook sọ pé: "A broken lamp gives us oil." Ẹni tó bá wo àwòrán á máa wá àtùpà tó fọ́ kiri ilé, epo á máa kán sílẹ̀ lójú ọkàn rẹ̀. Àtùpà kọ́. "Broken" ni àṣẹ: fọ́ ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹ fọ́ L-A-M-P, ẹ tún un tò: P-A-L-M. Igi tó ń fún wa ní epo, ọ̀pẹ ni. Àlọ́ náà dáhùn ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́tà fi ọ̀nà kan hàn, ìtumọ̀ fi òmíràn hàn, méjèèjì sì pàdé lórí nǹkan kan náà. Bí wọn ò bá pàdé, ẹ ò tíì dé ibẹ̀. Ẹ má tẹ nǹkan kan.

Láàárín ohun tí àwa náà ní, ẹnà ló sún mọ́ ọn jù. Ẹni tó bá ti bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fọ ẹnà rí kí àwọn àgbà má baà gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ó ti mọ̀ pé èèyàn lè wó ọ̀rọ̀ palẹ̀ kó tún un kọ́ kí ìtumọ̀ má sì sọnù. Bẹ́ẹ̀ náà ni àrokò: nǹkan lẹ rí, ọ̀rọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Stauf kàn yí àrokò padà ni. Ó sọ ọ̀rọ̀ fún yín, ó ní kí ẹ lọ gbé nǹkan wá.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ rèé. Kí n tó ka àlọ́ kankan, mo kọ́kọ́ rìn yíká gbogbo yàrá tó ti ṣí, mo kọ orúkọ gbogbo ohun tó ṣeé tẹ̀ sínú ìwé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Èyí ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá kọ "ìkòkò", lẹ́tà ìkòkò ò ní wúlò fún yín. Ìgbà yẹn ni mo tó wá ka àlọ́, mo sì ń bi ara mi pé nínú àwọn nǹkan tó wà lórí ìwé mi, èwo ni lẹ́tà rẹ̀ fara pamọ́ sínú gbólóhùn yìí? Láti ẹ̀yìn ló yá ju láti iwájú. Ẹ máa fura sí gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá jọ rúdurùdu, ìyẹn "mixed", "confused", "crazy", "broken". Ẹ má ka àmì ìdánudúró sí. Ibi tí wọ́n fẹ́ kí ẹ̀mí yín sinmi kọ́ ni àlọ́ náà pín sí.

Àwọn kan wà tí ọgbọ́n yìí ò ní ràn yín lọ́wọ́ nínú wọn, nítorí ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà nìkan ń lò ló wà nídìí wọn. N ò rò pé ó yẹ kí ojú ti ẹnikẹ́ni lórí ìyẹn. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ìrànlọ́wọ́ kí ẹ máa lọ.

Ṣé bọ́tìnnì ìrànlọ́wọ́ wà lóòótọ́?

Ó wà nínú GameBook. Nínú apá kìíní, ìwé kan ní yàrá ìkàwé ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn: ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan, ó fún yín ní amọ̀ràn, lẹ́ẹ̀kejì, amọ̀ràn náà ṣe kedere sí i, lẹ́ẹ̀kẹta, ó bá yín tú àdììtú náà, àmọ́ ẹ pàdánù fídíò tí ẹ ì bá rí. Ọ̀gá ìjìyà ni mo ka ìyẹn sí. Ti GameBook rọrùn, nítorí ibi yòówù kí ẹ wà nínú ilé, ó wà lọ́wọ́ yín.

Stauf ń jẹ mí nínú ayò rẹ̀. Ṣé ó ń ṣe màgòmágó ni?

Kò ṣe màgòmágó. Ó mọ̀ ọ́n ta ni.

Ọ̀nà méjì ni àdììtú inú ilé náà pín sí. Àwọn kan ẹ̀yin nìkan ni: ẹ tò ó, ẹ sún un, ó tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà. Àwọn kejì ni èyí tí Stauf fúnra rẹ̀ jókòó lódìkejì yín. Ọ̀kan wà lórí kéèkì tí ẹ ti fẹ́ to mẹ́rin sórí ìlà kan kí òun tó tò ó. Ọ̀kan jẹ́ afárá oyin, oyin yín ń gba ilé mọ́ tirẹ̀ lọ́wọ́. Èyí jẹ́ ọmọ ìyá àdììtú awò amúǹkantóbi inú apá kìíní, èyí tó sọ ọ̀pọ̀ èèyàn di abínú. Ọ̀kan jẹ́ àwòrán tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́, ẹ̀yin àti òun ń mú un ní ẹyọ kan tàbí ẹyọ méjì tó fara kan ara, gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ sì wà nínú ẹyọ ìkẹyìn. Ọ̀kan wà níbi tí wọ́n ń kó ìgò wáìnì sí, ẹ fẹ́ fi ìgò la ọ̀nà já láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Pente tún wà, tí ẹ ti ń wá márùn-ún lórí ìlà tàbí kí ẹ máa kó òkúta ọ̀tá ní méjìméjì.

Ẹni tó bá ti jókòó ti ọpọ́n ayò dáadáa kò ní pẹ́ kó tó mọ́wọ́. Òpè ń wo ohun tó máa jẹ báyìí. Ọ̀ta ń wo ilé tó máa ṣẹ́kù fún ẹnìkejì lẹ́yìn tí òun bá ta. Nínú àwòrán gígé yẹn pàápàá, ẹ má wo ègé tó wù yín. Ẹ ka èyí tó máa ṣẹ́ kù, láti ìparí padà sẹ́yìn. Mo fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko pàdánù síbẹ̀ kí bàbá mi, tí kò tẹ kọ̀ǹpútà rí láyé rẹ̀, tó dúró lẹ́yìn mi tó ní, "Ìwọ ò kàyé, ò ń kó ni." Mo jẹ Stauf ní alẹ́ ọjọ́ yẹn.

Tí ó bá le jù, ẹ̀yà tó ń ṣiṣẹ́ nínú ScummVM (ẹ wo ìsàlẹ̀) ní ibi tí ẹ ti lè dín agbára Stauf kù. Kò sí ẹni tó máa mọ̀.

Kí ló dé tó fi pẹ́ kó tó jáde? Ṣé òótọ́ ni pé òun ló pa ilé iṣẹ́ náà?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí bí ilé iṣẹ́ náà ṣe dé ayé. Rob Landeros tó jẹ́ oníṣẹ́ ọnà àti Graeme Devine tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ ní Virgin. Wọ́n kọ ìwé sí ọ̀gá wọn, Martin Alper, pé àwọn fẹ́ ṣe géèmù kan tó máa wà lórí CD. Àkókò yẹn, ẹni tó ní ẹ̀rọ CD nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò tó nǹkan. Alper ka ìwé náà, ó gbé wọn lọ jẹun, ó sì lé wọn kúrò níṣẹ́. Ìdí tó fi lé wọn ni pé kí wọ́n lè lọ dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, kí òun sì wá máa san owó géèmù náà. Bí Trilobyte ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ní ìlú kékeré kan ní Oregon.

Nígbà tí The 7th Guest jáde ní 1993, àwọn èèyàn ń ra ẹ̀rọ CD nítorí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò tíì rí irú ilé bẹ́ẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà rí. Àṣìṣe tiẹ̀ ń gbè wọ́n: nígbà tí wọ́n ya àwọn òṣèré síwájú ohun búlúù, ìmọ́lẹ̀ kan lẹ̀ mọ́ etí ara wọn tí kò ṣeé nù kúrò. Wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀, iwin kúkú ni wọ́n. Ohun tó yẹ kó tì wọ́n lójú ló di ohun tí gbogbo ayé ń yìn.

Ti apá kejì ò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wà nínú fídíò rẹ̀ kì í ṣe iwin, èèyàn ẹlẹ́ran ara ni wọ́n, wọ́n ní láti hàn kedere. David Wheeler ló darí yíya fíìmù náà. Devine wá jókòó láti tún ẹ̀rọ tó ń gbé fídíò jáde kọ. Ọjọ́ tí wọ́n dá fún àwọn oníbàárà ń yẹ̀, 1994 kọjá lọ, òpin 1995 ti ń sún mọ́lé kó tó jáde, CD mẹ́rin ló sì gbà. Lọ́dún yẹn kan náà, Windows 95 ti dé, wọ́n sì ti kọ́ ilé Stauf sórí ẹ̀rọ àtijọ́. Sierra, ilé iṣẹ́ géèmù míì, ti gbé Phantasmagoria jáde, CD méje, òun náà ìbẹ̀rù, òun náà fídíò. Ohun tó jẹ́ ìyanu ní 1993 ti di ohun tí gbogbo èèyàn ń ṣe.

Ṣé òun ló pa wọ́n? Ìjà àárín àwọn ọ̀gá méjèèjì ni mo gbà pé ó pa wọ́n. Landeros ń fẹ́ fíìmù àgbàlagbà tí èèyàn lè bá sọ̀rọ̀, Devine ń fẹ́ géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìlú kì í gba ọba méjì. Trilobyte ti ilẹ̀kùn ní 1999. Devine lọ sí id Software, ilé iṣẹ́ géèmù míì, ó wà nídìí Quake III Arena, géèmù ìbọn yíyìn. Ó dájú pé kò sí àlọ́ nínú ìyẹn.

Ṣé ó ń dẹ́rù bani tó bí wọ́n ṣe ń sọ? Ṣé ọmọdé lè ṣe é?

Rárá ni mo dáhùn sí ìbéèrè kejì. Ẹ̀jẹ̀ wà ńbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ wà ńbẹ̀, ó sì burú ju ti apá kìíní lọ ní gbogbo ọ̀nà.

Ní ti ìbẹ̀rù, ó sinmi lórí ohun tó ń dẹ́rù bà yín. Fíìmù inú rẹ̀ ti di ohun ẹ̀rín níbòmíì. Àwọn òṣèré kan ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ fún lórí pátákó. Ohun tó ṣì ń mú mi tan iná yàrá ni ilé náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe apá kìíní mọ gbogbo yàrá yẹn: yàrá ìjẹun, yàrá orin, ṣọ́ọ̀ṣì kékeré inú ilé, òkè àjà. Ó mọ ibi tí àtẹ̀gùn wà. Ó wá padà débẹ̀, eruku ti bo ohun gbogbo, ògiri ti jẹrà. Ó dà bí ìgbà téèyàn padà sí ilé bàbá rẹ̀ àgbà lẹ́yìn ọdún gbọọrọ, tó wá bá a pé ẹnì kan ṣì ń gbé ibẹ̀.

Mo lè ṣe é lórí kọ̀ǹpútà tòde òní? Fóònù ńkọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ń tà á lórí Steam àti GOG, àwọn ọjà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ni ScummVM, ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ kí géèmù àtijọ́ ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tuntun. Láti ẹ̀yà 2.3.0 tó jáde ní 2021 ló ti ń gbé The 11th Hour. Ó wà fún Windows, Mac, Linux, ó sì wà fún fóònù Android. ScummVM kò ní géèmù nínú o. Ẹ̀yin lẹ máa ra géèmù, tí ẹ ó da fáìlì rẹ̀ sínú fódà kan, kí ẹ tó sọ fún ScummVM pé ibẹ̀ ló wà.

Ní ti dátà, CD mẹ́rin ni, CD kan kì í gbà ju 700 MB lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀. Ẹ dúró di òru tàbí kí ẹ lo Wi-Fi ibi iṣẹ́.

Tí ẹ bá rí CD àtijọ́ rà lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹ wo ẹ̀yìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ẹ tó sanwó. Mo ra tèmi lọ́wọ́ ọkùnrin kan lábẹ́ afárá, páálí rẹ̀ ń dán. CD kẹta ti họ bí ẹni tí ológbò fi ọwọ́ kàn. Mo dé ìdajì ìtàn, Robin la ẹnu, ó dúró bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹnu ní lílà. Oṣù mẹ́rin kọjá kí n tó gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ.

Nínú apá méjèèjì, èwo ló dáa jù?

Ẹni tó bá sọ pé apá kìíní, n ò ní bá a jà; gbogbo ayé ló gbà bẹ́ẹ̀. Àdììtú rẹ̀, ojú ló ń tú u. Ẹ gé kéèkì sí mẹ́fà kí agbárí àti òkúta ibojì pín dọ́gba. Ọmọ ilẹ̀ yòówù lè ṣe é. Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo rántí tó fi èdè dá wa lóró, ti agolo ọbẹ̀, níbi tí ẹ ti máa to gbólóhùn kan jáde tí kò sí fáwẹ̀lì kankan nínú rẹ̀ àfi lẹ́tà Y.

Apá kejì mú agolo ọbẹ̀ yẹn, ó sì fi kọ́ odindi ilé. Ìdí tí ọ̀pọ̀ fi kórìíra rẹ̀ nìyẹn, ìdí náà sì ni mo fi fẹ́ràn rẹ̀ jù. Nínú ilé àkọ́kọ́, àwòrán ló ń dẹ́rù bà mí, ojú mi sì ti mọ́ ọn lára. Nínú ìkejì, òkú ọkùnrin kan ló ń bá mi sọ̀rọ̀ ní èdè tí mo rò pé mo gbọ́, tí mo sì ń rí i lójoojúmọ́ pé n ò gbọ́ ọ. Stauf pa àwọn ọmọdé yẹn pẹ̀lú ohun ìṣeré. Ọ̀rọ̀ ni ohun ìṣeré tó gbé fún èmi.

Apá kẹta wà?

Trilobyte kò ṣe é. Àwọn olólùfẹ́ géèmù náà kó ara wọn jọ, wọ́n gbàṣẹ, wọ́n dáwó, wọ́n sì gbé The 13th Doll jáde ní October 31, 2019. Hirschboeck padà wá ṣe Stauf nínú rẹ̀. Ohùn yẹn ò yí padà. Ní 2023, Vertigo Games tún The 7th Guest ṣe fún ẹ̀rọ VR, èyí tí wọ́n ń dé sórí bo ojú, ẹ̀yin gan-an lẹ ó máa rìn nínú ilé náà pẹ̀lú ojú ara yín. N ò tíì fi agbárí mi sínú ìyẹn.

Mo dé ìparí. Obìnrin mẹ́ta, ilẹ̀kùn mẹ́ta. Èwo ni kí n ṣí?

Ẹ ṣọ́ra, àṣírí díẹ̀ wà níbí. Wọ́n ní kí ẹ mú ọ̀kan nínú Robin àti obìnrin méjì míì inú ìtàn náà, Samantha àti Marie. Ìparí mẹ́ta ló wà, wọn kò sì jọra rárá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Stauf máa bi yín, nítorí náà ẹ tọ́jú géèmù náà pamọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn kankan. Ẹ ṣí èyí tí ọkàn yín bá fà sí. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣí ti Robin, torí òun la tìtorí rẹ̀ wá. Ẹ wò ó dé ìparí. Lẹ́yìn náà, ẹ padà lọ ṣí èyí tí ẹ kò rò tì.